Sílíńdà tí orúkọ ara rẹ̀ ti pa rẹ́: 14.4 ni ìṣirò gbé jáde, gáàsì wo nìyí?

Tíṣà_ÒkèÀró

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àkúrẹ́ ni mo wà, kẹ́mísìrì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá àyẹ̀wò wa mọ́, a bá sílíńdà kékeré kan lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ti jẹrà, kò sì sí ẹni tó rántí ìgbà tí wọ́n rà á. Gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ní kàkà ká gbé e sọnù, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi òṣùwọ̀n wá orúkọ rẹ̀, nítorí orí ẹ̀kọ́ yẹn gan-an la wà.

Ohun tí a ṣe rèé. A mú fílásíkì onígíláàsì kan tó ní ìdérí rọ́bà. A rọ omi kún un, a wọn omi náà, a rí i pé ó gba lítà 1.10. A gbẹ ẹ́ dáadáa, a dé e, a gbé e sórí òṣùwọ̀n: gíráàmù 312.46. A wá ti rọ́bà tín-ín-rín kan bọ̀ ọ́ títí dé ìsàlẹ̀, a jẹ́ kí gáàsì máa rọra wọlé títí ó fi dá wa lójú pé afẹ́fẹ́ ti jáde tán. A dé e padà, a tún un wọ̀n: gíráàmù 313.10. Ìgbóná yàrá jẹ́ 29°C, ìyẹn 302 K. Gbogbo fèrèsé ló ṣí, kò sì sí iná kankan nítòsí.

Ìṣirò wa: 313.10 yọ 312.46, ó ku 0.64. Pín in sí 1.10, ó jẹ́ gíráàmù 0.582 nínú lítà kan. M = dRT/P: M ni ìwúwo móòlù kan (iye hóró kan pàtó) gáàsì náà, d ni ìwúwo lítà kan rẹ̀, R ni iye tí kì í yí padà, T ni ìgbóná ní K, P ni ìfúnpá. R jẹ́ 0.08206, a fi P sí 1 atm. Ó já sí 14.4.

Háídírójìn jẹ́ 2, hílíọ́mù jẹ́ 4, mẹ́téènì jẹ́ 16. Èmi ò mọ gáàsì kankan láàárín 4 sí 16 tí wọ́n ń tà nínú sílíńdà. Àwọn ọmọ sì bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan tó tọ́: afẹ́fẹ́ jẹ́ bíi 29, bí gáàsì yìí bá jẹ́ 14.4, ṣebí ó yẹ kí fílásíkì fúyẹ́ sí i ni, kí ló dé tó fi wúwo sí i?

Ẹlẹ́kẹ́mí_FUTA

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi yin àwọn ọmọ yẹn, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni wọ́n fọwọ́ kàn.

Fílásíkì tí ẹ kọ́kọ́ gbé sórí òṣùwọ̀n kò ṣófo. Afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ohun tí 0.64 ń sọ ni pé gáàsì tó wọlé fi gíráàmù 0.64 wúwo ju afẹ́fẹ́ tó jáde lọ. Kò tíì sọ bí gáàsì fúnra rẹ̀ ṣe wúwo tó.

Iṣẹ́ yín kò sì ṣòfò rárá. Avogadro ará Ítálì ti là á sílẹ̀ láti 1811 pé bí àwọn gáàsì méjì bá gba ààyè kan náà, tí ìgbóná wọn dọ́gba, tí ìfúnpá wọn dọ́gba, iye hóró tó wà nínú wọn á dọ́gba. Fílásíkì yín kò yí padà, ìgbóná kò yí padà, ìfúnpá kò yí padà. Nítorí náà iye móòlù afẹ́fẹ́ tó jáde ni iye móòlù gáàsì tó wọlé. 14.4 tí ẹ rí ni iye tí móòlù kan gáàsì náà fi ju móòlù kan afẹ́fẹ́ lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ jẹ́ 28.97. Ẹ ro ó pọ̀: 28.97 + 14.4 = 43.4.

Ó dára bẹ́ẹ̀ ju kí ẹ máa wá ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Fílásíkì onígíláàsì tí wọ́n fa inú rẹ̀ gbẹ lè fọ́ sí àwọn ọmọ lójú.

Akẹ́kọ̀ọ́_SS3

Ẹ káalẹ́ sà. Ìwé wa ní ká fi 22.4 dm³ (lítà) fún móòlù kan ṣe é bó bá jẹ́ s.t.p., ká fi 24 ṣe é bó bá jẹ́ ìgbóná yàrá. Ṣé mi ò lè kàn fi 24 ṣe é kí n má fi PV = nRT da ara mi láàmú?

Ẹlẹ́kẹ́mí_FUTA

Nínú ìdánwò, ohun tí ìbéèrè bá fún ọ ni kí o lò, àbúrò. Bó bá ní 22.4, lo 22.4. Ṣùgbọ́n 22.4 jẹ́ ti 0°C, 24 sì jẹ́ ti nǹkan bíi 20°C, méjèèjì pẹ̀lú 1 atm. Yàrá wo ní Àkúrẹ́ ló tutù tó 20°C lọ́sàn-án? Gáàsì máa ń fẹ̀ bó bá gbóná. Ní 29°C, móòlù kan ti gba lítà 24.8, ìyẹn tí ìfúnpá bá jẹ́ 1 atm lóòótọ́.

Ojú_Ọjọ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná lórí 1 atm yẹn. Ta ló wọ̀n ọ́n?

Ọmọ_Ọyẹ́mẹkùn

Fóònù mi ń sọ pé 1012 hPa ni ìfúnpá afẹ́fẹ́ Àkúrẹ́ lónìí. 1013 ni 1 atm. Kí ló tún kù?

Ojú_Ọjọ́

Ohun tó kù pọ̀, ẹ̀gbọ́n. Iye tí áàpù ojú-ọjọ́ ń gbé jáde kì í ṣe ìfúnpá ibi tí ẹ dúró sí. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀ padà sí ojú òkun, kí wọ́n lè fi Èkó wé Jọs lórí máàpù kan náà. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlú orí òkè ni ìfúnpá wọn á máa kéré lójoojúmọ́, a ò sì ní mọ èyí tí ìjì ń bọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́.

Àkúrẹ́ fi nǹkan bíi mítà 350 ga ju ojú òkun lọ. Nínú ooru ilẹ̀ wa, bí èèyàn bá gòkè ní mítà 9, ìfúnpá afẹ́fẹ́ á fi nǹkan bíi 1 hPa dín. 350 pín sí 9 jẹ́ 39. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1012, ó ku 973. 973 pín sí 1013 jẹ́ 0.96 atm. Ìfúnpá tó ń tẹ fílásíkì Tíṣà nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé e gun òkè Ìdánrè, á tún dín sí i.

Àwọn awakọ̀ òfuurufú kò fi ìyàtọ̀ yìí ṣeré. Iye méjèèjì ni wọ́n ní orúkọ fún: QNH ni èyí tí wọ́n ṣírò sí ojú òkun, QFE ni ti ilẹ̀ pápá ọkọ̀ gan-an. Àwọn fóònù kan ní bàrómítà nínú, ìyẹn ń ka ti ibi tí ẹ wà. Kí ẹ ṣáà mọ èyí tí ẹ ń kà.

Tíṣà_ÒkèÀró

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti tún un ṣe. 0.582 × 0.08206 × 302, mo pín in sí 0.96, ó jẹ́ 15.0. Mo ro 28.97 mọ́ ọn. Ó jẹ́ 44.0. Móòlù kan gáàsì ní Àkúrẹ́ lónìí wá ń gba lítà 25.8, kì í ṣe 24.8. Màá kọ ìyẹn sórí bọ́ọ̀dù fún wọn.

Ọmọ_Ọyẹ́mẹkùn

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 43.4 sí 44.0, ìyàtọ̀ yẹn kéré. Ìdí wo la fi ń yọ ara wa lẹ́nu lórí 0.6?

Ẹlẹ́kẹ́mí_FUTA

Ọ̀gá, ìyàtọ̀ kékeré ni wọ́n fi rí ágọ́nì. Rayleigh, ará England, ń wọn náítírójìn. Èyí tó rí nígbà tó yọ ọ́síjìn àti àwọn yòókù tán kúrò nínú afẹ́fẹ́ jẹ́ gíráàmù 1.257 nínú lítà kan. Èyí tó ṣe láti inú amóníà àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́ 1.2505. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú igba péré. Ẹlòmíràn ì bá ní òṣùwọ̀n ló ń ṣe ségesège, kí ó sì gbàgbé rẹ̀. Òun kọ̀, ó kọ̀wé sí àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun wá ìdí rẹ̀, òun àti Ramsay, onímọ̀ kẹ́mísìrì, sì jọ ṣe é títí. Ní 1894 wọ́n kéde gáàsì tuntun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó ti wà nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí látọjọ́ tí ayé ti ṣẹ̀, tó sì tó nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904. Òṣùwọ̀n ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní ti Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí 44.0 yẹn ṣe dúró ṣinṣin tó. Fílásíkì náà ń gba móòlù 0.0426. Bí òṣùwọ̀n bá fi 0.01 ṣìnà, M á fi 0.23 yẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà méjì, nítorí náà ẹ fàyè 0.5 sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ Àkúrẹ́ kì í sì í gbẹ. Oru omi jẹ́ 18, ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ olómi fúyẹ́ ju èyí tó gbẹ. Ní 29°C, bí ọ̀rinrin bá tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, afẹ́fẹ́ á jẹ́ 28.6 dípò 28.97. Gáàsì yín á wá jẹ́ 43.7. Ó ṣì wà nínú àyè tí a fi sílẹ̀.

Ohun tó lè dà á rú jù ni ìtutù. Gáàsì tó ń tú jáde láti inú sílíńdà máa ń tutù. Bí ẹ bá dé fílásíkì nígbà tí inú rẹ̀ ṣì jẹ́ 20°C, tí ẹ wá fi 29°C ṣírò, CO₂ tó jẹ́ 44 á fara hàn bí 45 àti díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró títí yóò fi bá yàrá dọ́gba, kí ẹ ṣí ìdérí ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí èyí tó pọ̀jù jáde, kí ẹ tó dé e wọ̀n.

Jórinjórin_Ìsinkàn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ ọwọ́ náà bi yín. Àwa tó ń fi MIG jórin máa ń lo ágọ́nì, a máa ń lo CO₂, a sì tún máa ń ra èyí tí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ nínú sílíńdà kan. Bí wọ́n bá gbé irú èyí wá, kí ni òṣùwọ̀n máa sọ?

Ẹlẹ́kẹ́mí_FUTA

Bàbá, ìbéèrè yín lágbára. Ágọ́nì jẹ́ 39.95, CO₂ jẹ́ 44.01. Bó bá jẹ́ ágọ́nì 75 àti CO₂ 25 nínú ọgọ́rùn-ún, òṣùwọ̀n á sọ 41. Kò sí gáàsì tó ń jẹ́ 41 nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Àròpín ni. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ náà, 29, kò sí hóró kan nínú rẹ̀ tó jẹ́ 29: náítírójìn 28, ọ́síjìn 32, ágọ́nì díẹ̀, wọ́n kàn pàdé ni.

Ó tún lè tan wá jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ da bútéènì 53 pọ̀ mọ́ náítírójìn 47 nínú ọgọ́rùn-ún, òṣùwọ̀n á sọ 44 gééré, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ 44. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́ńsítì nìkan kọ orúkọ sára sílíńdà. Dẹ́ńsítì ń fún wa ní àwọn tó ṣeé fura sí. Ẹni tó jẹ́ gan-an, àyẹ̀wò mìíràn ló ń sọ ọ́.

Àwọn tó ń jẹ́ 44: CO₂, 44.01. N₂O, 44.01 náà ni, òṣùwọ̀n ilé ẹ̀kọ́ kankan kò lè yà wọ́n. Própéènì, 44.10. Asẹtáàdìháìdì náà jẹ́ 44.05, ó sì máa ń di gáàsì ní nǹkan bíi 20°C, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ta débi pé kò ní fara pamọ́.

Nọ́ọ̀sì_Alágbàká

Lórí ọ̀rọ̀ òórùn yìí, ẹ jọ̀wọ́, kí ọmọ kankan má fi imú wò ó. N₂O ni a ń fún aláìsàn ní yàrá iṣẹ́ abẹ, òun àti ọ́síjìn papọ̀, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fa á símú látinú sílíńdà láìsí ọ́síjìn lè dákú kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. CO₂ tó bá pọ̀ náà ń dá èèyàn dùbúlẹ̀.

Kí n tún fi èyí kún un, nítorí mo ń rí i níbi iṣẹ́, ó sì ń dùn mí. Ẹ sọ̀rọ̀ nípa 28. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní CO (kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì, gáàsì tó ń pani) nínú, CO sì jẹ́ 28. Afẹ́fẹ́ jẹ́ 29. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò ní lọ sókè, kò sì ní jókòó sílẹ̀. Ó ń bá afẹ́fẹ́ rìn káàkiri yàrá ni. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì gíga, tàbí tí àwọn bá tẹ́ ẹní sílẹ̀, àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò lóòórùn, kò ní àwọ̀. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé, sí ìta gbangba.

Kànga_ỌbaIlé

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù kún yín. Kànga ni èmi ń gbẹ́, mo sì ń kó ìdọ̀tí inú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń so àtùpà mọ́ okùn sọ̀ kalẹ̀ kí èèyàn tó wọlé. Bí iná bá kú, kò sẹ́ni tó máa wọlé. Ṣé ọ̀rọ̀ ìwúwo gáàsì yìí náà nìyẹn?

Ẹlẹ́kẹ́mí_FUTA

Òun náà ni, ẹ̀gbọ́n. CO₂ jẹ́ 44 nínú afẹ́fẹ́ tó jẹ́ 29, ó lè jókòó sísàlẹ̀ kànga bí omi ṣe ń jókòó sínú àwo, pàápàá níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́ kọjá. Ní 1986, adágún Nyos ní Kamẹrúùnù tú CO₂ tó ti kó jọ sí ìsàlẹ̀ omi jáde lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Ògún. Ó ṣàn gba àfonífojì, ó sì pa èèyàn tó tó 1,700 àti ẹran ọ̀sìn wọn níbi tí wọ́n wà.

Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa. Àtùpà ń sọ fún yín bí ọ́síjìn bá ti lọ sílẹ̀. Kò ní sọ nǹkan kan nípa CO. CO díẹ̀ tó lè pa èèyàn kò lè pa àtùpà. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé ẹ̀rọ ìfami oníbẹntiróòlù sọ̀ sínú kànga láti fa omi rẹ̀, kí ẹ má ṣe wọ ibẹ̀, bí àtùpà bá tilẹ̀ ń jó rekete. Bí òórùn bẹntiróòlù bá sì wà níbẹ̀, ẹ má sọ àtùpà kalẹ̀ rárá.

Kànga_ỌbaIlé

Mo gbọ́. Apá kejì yẹn, a ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Màá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi láàárọ̀ ọ̀la.

Tíṣà_ÒkèÀró

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ 44. Báwo ni kí n ṣe yà wọ́n láìfi àwọn ọmọ wéwu? Omi láìmù wa, èyí tí CO₂ máa ń sọ di funfun, ti bàjẹ́, funfun ti bò ó lójú.

Jórinjórin_Ìsinkàn

Tíṣà, sìmẹ́ńtì ńkọ́? Ẹ bu ṣíbí kan sínú omi, ẹ rò ó, ẹ jẹ́ kó tòrò.

Ẹlẹ́kẹ́mí_FUTA

Ó ṣiṣẹ́. Omi tó tòrò lórí sìmẹ́ńtì ní Ca(OH)₂ tó pọ̀ tó, omi láìmù náà ni. Ẹ fi bébà sẹ́ ẹ kó mọ́ gaara. Ẹ má jẹ́ kó kan ojú, kó má sì pẹ́ lára ọwọ́, nítorí ó ń jẹ awọ. Kí ọmọ kan kọ́kọ́ fi sítírọ́ọ̀ fẹ́ èémí díẹ̀ sínú rẹ̀, láìfà á sẹ́nu. Bó bá funfun, omi yín dára.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí gáàsì rọra hó gba inú omi tuntun. Bó bá funfun bíi wàrà, CO₂ ni. N₂O àti própéènì kò ní ṣe é nǹkan kan. Ẹ má dúró níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa hó lọ: bó bá jẹ́ CO₂ lóòótọ́, funfun yẹn á tún mọ́ padà.

Ìgbà tí ẹ bá rí funfun yẹn tán ni kí ẹ tó mú iná wá. Gáàsì tó kún túùbù kékeré kan ti tó, ìta sì ni kí ẹ ti ṣe é, kí sílíńdà wà ní títì pa nínú ilé. Ẹ ti igi pẹlẹbẹ tó ń ràn pípọ́n, tí kò jó bùlà, bọ inú túùbù. Nínú CO₂ á kú. Nínú N₂O á tún gbiná bí ẹni pé ọ́síjìn ni, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ń pàdánù máàkì níbẹ̀ nítorí wọ́n rò pé ọ́síjìn nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Própéènì á gbiná lẹ́nu túùbù bó bá jẹ́ igi tó ń jó bùlà ni ẹ fi kàn án.

Akẹ́kọ̀ọ́_SS3

Bó bá jẹ́ 28 ni wọ́n bi wá ńkọ́ sà? Àwọn náà jẹ́ mẹ́ta.

Ẹlẹ́kẹ́mí_FUTA

Náítírójìn, CO, àti C₂H₄. C₂H₄ ń pa àwọ̀ omi búrómíìnì rẹ́. CO ń jó pẹ̀lú iná búlúù. Náítírójìn kì í jó, kì í sì í ṣe ohunkóhun. Bí wọ́n bá béèrè vapour density, pín M sí 2, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Má sì ṣe àyẹ̀wò CO nílé.

Ọ̀gá_Fíríìjì_Arákalẹ̀

Mo ti ń kà á láti òkè, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an. Fíríìjì ni mo ń tún ṣe. Mo ra sílíńdà méjì lọ́wọ́ ẹnì kan, ó ní gáàsì fíríìjì tí wọ́n ń pè ní R134a ni méjèèjì. Ọ̀kan ò dá mi lójú. Àwọn fíríìjì tuntun ń lo R600a, ìyẹn sì ń gbiná. Bí mo bá rọ ọ́ sínú fíríìjì tí wọ́n ṣe fún R134a, tí mo wá tan iná láti jó páìpù, ẹ mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ṣé fílásíkì yìí lè ràn mí lọ́wọ́?

Ẹlẹ́kẹ́mí_FUTA

Ó lè ràn yín lọ́wọ́ ju bó ṣe ran Tíṣà lọ, nítorí wọ́n jìnnà síra. R134a jẹ́ 102, R22, gáàsì fíríìjì mìíràn, jẹ́ 86.5, R600a jẹ́ 58. Ẹ wá ike kan tó le, tó ní ìdérí, ẹ fi omi wọn inú rẹ̀, ẹ gbẹ ẹ́. Òṣùwọ̀n àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà tó ń ka 0.01 ni kí ẹ yá, ti ilé ìdáná kò tó. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, láìsí sìgá, láìsí iná. Díẹ̀ ni kí ẹ tú, nítorí R134a ń dá kún ooru ayé gidigidi. R134a kì í pa òfin gáàsì mọ́ pátápátá, ó máa ń wúwo díẹ̀ ju bí ìṣirò ṣe sọ, nítorí náà bí ẹ bá rí 103 tàbí 104, òun náà ni.

Tíṣà_ÒkèÀró

Èsì ti dé. A jẹ́ kí fílásíkì bá yàrá dọ́gba kí a tó tún un wọ̀n, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.63, ìyẹn 43.8. Omi sìmẹ́ńtì funfun, a jẹ́ kó máa hó, ó sì mọ́ padà lójú gbogbo wọn. Igi tó ń ràn kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn ọmọ ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé CO₂ ni. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n béèrè: kí ló dé tí a kò gba gáàsì náà sórí omi bí ìwé ṣe máa ń yà á?

Ẹlẹ́kẹ́mí_FUTA

Nítorí CO₂ ń yọ́ sínú omi. Ní 25°C, lítà omi kan lè gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà rẹ̀ mọ́ra. Èyí tó bá sì kù lókè á ti bá oru omi dàpọ̀, ẹ ó tún ní láti yọ ìfúnpá oru omi kúrò. Ní 29°C, ìyẹn jẹ́ 30 mmHg, kò kéré. Bí ẹ ṣe ṣe é dára jù.

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbé sílíńdà yẹn kúrò níbi tí oòrùn ti ń pa. CO₂ kò lè wà ní ipò olómi mọ́ bó bá ti ju 31°C lọ, ìfúnpá inú rẹ̀ sì ń yára gòkè. Kí ẹni tó ń ta gáàsì yẹ fáàfù àti ara irin rẹ̀ wò kí ẹ tó tún lò ó, nítorí ó ti pẹ́.

Ọ̀gá_Fíríìjì_Arákalẹ̀

Èmi náà ti ṣe tèmi. Ike mi gba lítà 1.55, ìgbóná 29°C. Sílíńdà kìíní: ìyàtọ̀ 4.48. Èkejì: 1.77. Ẹ bá mi wò ó.

Ẹlẹ́kẹ́mí_FUTA

Ike yín gba móòlù 0.060. Kìíní: 4.48 pín sí 0.060 jẹ́ 74.7, ẹ ro 29 mọ́ ọn, 103.7. R134a ni. Èkejì: 1.77 pín sí 0.060 jẹ́ 29.5, ẹ ro 29 mọ́ ọn, 58.5. Kì í ṣe R134a rárá, ọ̀gá. Gáàsì tó ń gbiná ni. Ẹ má gbé e súnmọ́ iná.

Ṣùgbọ́n bútéènì lásán àti R600a tó jẹ́ áísóbútéènì, 58.12 ni àwọn méjèèjì. Òṣùwọ̀n ti ṣe tirẹ̀ tán níbẹ̀. Géèjì yín ni yóò yà wọ́n. Ní 29°C, áísóbútéènì á ka nǹkan bíi 43 psi (òṣùwọ̀n ìfúnpá lójú géèjì), bútéènì á ka nǹkan bíi 26. Bí própéènì bá wà nínú rẹ̀, bíi ti gáàsì ìdáná, á sún un sókè. R134a á ka nǹkan bíi 94.

Ọ̀gá_Fíríìjì_Arákalẹ̀

Mo so géèjì mọ́ ọn báyìí. Kìíní ka 95. Èkejì ka 43. Mo ti lẹ bébà pupa mọ́ èkejì, mo sì ti pe ẹni tó tà á fún mi pé kó ta àwọn oníbàárà rẹ̀ yòókù lólobó kíákíá.